Fọ́nrán Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Àwọn Ọmọ Ìkùukùu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, ohùn mi kò sì ròkè mọ́. Ọdẹ́bíyìí ni mò ń jẹ́. Ọdẹ ni baba tó bí mi, ọdẹ ni baba tó bí baba mi, ìlú Arúnlẹ́ tí igbó yí ká ni a ti wá. Àpá tí ẹ ń rí lára mi yìí, ẹranko ló dá a sí i. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ, n kò torí ẹran rìn ín. Àbúrò mi ni mo torí rẹ̀ rìn ín.

Ọdẹ́níyì ni àbúrò mi náà. Igi wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì gé e ní orúnkún. Àwẹ̀ró ọmọ mi, tó máa ń fi ike ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gé, ṣe ọ̀kan fún un. Ó kán. Ó ṣe òmíràn. Ìyẹn kán lójú ọ̀nà odò, Ọdẹ́níyì yí gbirigbiri wọ inú omi, díẹ̀ ló kù kí omi gbé e lọ. Láti ìgbà náà kò jáde mọ́. Ọkùnrin tó máa ń sáré lé ìgalà wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò jẹun dáadáa. Mo rí i pé ìjókòó yẹn ni yóò pa á.

Àwẹ̀ró ní ọgbọ́n kan. Ó ń se ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń gún un, ó ń lọ̀ ọ́, títí yóò fi di fọ́nrán tó tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Nínú omi, ó máa ń rí bí ògì tútù. Bí fọ́nrán bẹ́ẹ̀ bá tàn káàkiri inú ike, ike náà kò ní tètè kán. Ṣùgbọ́n ike yíyọ́ kò fẹ́ omi. Fọ́nrán gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bó bá ti ń gbẹ ni yóò máa dì mọ́ra, yóò le koránkorán. Ibi tí kókó bá wà nínú ike, ibẹ̀ gan-an ni ike yóò ti kán.

Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo gbé fọ́nrán sórí pẹpẹ tí mo fi ń yan ẹran ìgbẹ́, mo dá iná sí i lábẹ́. Àwẹ̀ró wo ohun tí mo kó fún un.

"Bàbá, kí lẹ yan yìí?"

"Ó ṣáà gbẹ."

"Ó gbẹ lóòótọ́. Ẹ fi sínú kànnàkànnà, ẹ fi pa ẹyẹ."

Àwọn àgbà ọdẹ máa ń sọ pé àwọn ẹbọra kan wà nínú Igbó Ìkùukùu tí omi ni ara wọn, tí wọ́n sì ń gbẹ lójoojúmọ́ láìdì mọ́ra. Mo rọ fọ́nrán olómi sínú akèrègbè, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ọdẹ́níyì wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dàgbà jù fún igbó yẹn."

"Ìwọ náà kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń jókòó báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyẹn tó mi láti fi rìn.

Igbó náà funfun. Igi dúró nínú rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ẹyẹ ń kọrin, orin náà ń pẹ́ kó tó dé etí mi, bí ẹni pé inú òwú ló ń gbà kọjá. N kò mọ̀ bóyá èmi ni mò ń rìn tàbí igbó ló ń rìn kọjá lára mi.

Lórí òkè kan ni mo ti bá Ọ̀ginnìtìn, ẹbọra òtútù. Yìnyín ni irùngbọ̀n rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ènìyàn, kí lo gbé wá?"

"Fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, Kábíyèsí. Mo fẹ́ kí omi jáde, kí fọ́nrán má dì."

Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó mí sí i. Omi náà sùn, ó di yìnyín. Yìnyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ bí àlá, láìtún di omi mọ́. Fọ́nrán nìkan ló kù, ó fúyẹ́ bí òwú àràbà. Inú mi dùn.

"Kábíyèsí, ẹ fún mi ní òtútù yìí kí n gbé e relé."

"Yóò kú kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè. Ìlú yín gbóná. Lọ bá Ìyá Ìkùukùu. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, kò fẹ́ràn òmùgọ̀, kò sì fẹ́ràn ọ̀lẹ."

"Èwo ló burú jù lójú rẹ̀?"

"Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀."

Mo yára sọ̀ kalẹ̀.

Ilé Ìyá Ìkùukùu wà nínú àfonífojì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣoṣo há tóóró, fèrèsé rẹ̀ pọ̀. Obìnrin náà ga, mo ń rí igi láti inú ara rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí ìrì, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ń ṣeré káàkiri ilé. Ó fún mi lóúnjẹ, mo jẹ ẹ́. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Jáde nílé mi," ni ó wí. "Bí o bá jáde tí ọmọ mi kò fara pa, o ti rí ohun tí o ń wá."

Mo rò pé ó rọrùn. Mo ní, "Ó dàbọ̀, Ìyá." Àwọn ọmọ náà dìde láti sìn mí sọ́nà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ nílé tiwa náà. Ta ni yóò lé ọmọ tó fẹ́ sìn ín? Ọ̀kan di aṣọ mi mú, òmíràn di èyí mú, òmíràn tún di ìyẹn mú. Mo gba ẹnu ọ̀nà tóóró jáde, mo ń fà wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ọmọ kankan mọ́. Wọ́n ti dì mọ́ra, wọ́n di òkúta kan tó dí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ìkùukùu kò pariwo. Ó da omi sórí òkúta náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tú sílẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ nu ojú. Àwọn kan kò tú mọ́. Ó gbé wọn sẹ́bàá ògiri, níbi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nílẹ̀.

"Wọlé padà," ó wí. "Tún un ṣe. Bí ó bá tún rí báyìí, ìwọ náà yóò wà nínú òkúta."

Mo jókòó, mo ronú pẹ́. Èmi ni mo dúró fún omi nínú ilé yìí, àwọn ọmọ náà sì ni fọ́nrán. Àlejò tó ń jáde ló ń fa àwọn onílé mọ́ra wọn. Fọ́nrán ń sin omi sọ́nà, ọ̀nà há, wọ́n sì fún ara wọn pa. Àṣà rere ni, ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, ikú ni.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ ewé gbígbẹ wọlé. Mo ṣà á, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín ọmọ kan àti èkejì. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, mo fi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sídìí fèrèsé. Ọmọbìnrin kan fajú ro.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ ká sìn yín ni?"

"Mo fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ sìn mí."

"Ewé yìí ń gún mi."

"Fara dà á. Má jù ú nù."

Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, àwọn gba ojú fèrèsé. Oòrùn pàdé wọn lójú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n tó balẹ̀, wọ́n ti gbẹ, olúkúlùkù dá dúró, wọ́n ń tàn bí eruku nínú ìtànṣán àárọ̀. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, gbogbo àfonífojì sì mọ́lẹ̀.

Mo délé, mo ròyìn fún Àwẹ̀ró. Ó mú àfọ́kù ike kan, ó yí i lọ́wọ́.

"Bàbá, ike fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ ewé yẹn. Inú rẹ̀ náà ni fọ́nrán ń lọ. Kí ó ti jókòó sáàárín wọn kí omi tó dìde."

Ó lọ ike kúnná bí ìyẹ̀fun, ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè gba omi, ó pò ó mọ́ fọ́nrán olómi. Ó bù ú sínú pọ́ọ̀mpù tí a fi ń fín oògùn sí kòkó, ó fín in sínú yàrá tí a ti fi iná mú gbóná. Ohun tó balẹ̀ sórí ẹní jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ kiri. Kò sí kókó. Ó yọ́ ọ, ó fi ṣe ẹsẹ̀.

Ọdẹ́níyì kọ̀ ọ́. "N kò fẹ́ kán mọ́."

"Ẹsẹ̀ ló kán. Ìwọ kò kán."

Ó wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó di èjìká mi mú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sí ọ̀nà odò, kò bojú wẹ̀yìn. A dúró, a ń tẹ́tí. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń bá àwọn apọnmi jà pé kí wọ́n yà fún òun.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí iṣẹ́ bá ń di kókó lọ́wọ́ yín, ẹ má kàn máa koná mọ́ ọn bíi tèmi. Ẹ wo ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ àti ohun tó ń fà dání bó ti ń lọ. Ẹ ti fi ohun mìíràn sí àyè rẹ̀ kó tó dìde. Mo ti sọ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Àbúrò mi ti wà lójú ọ̀nà oko, ó sì ní bí n kò bá yá ẹsẹ̀, òun yóò fi mí sílẹ̀.