Jórinjórin Tó Fọ Ìkòkò Ìyá Ọlọ́tí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan, iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe. Kò sí géètì tí kò lè jó, kò sì sí irin tó wọ́ tí kò lè nà. Ilé tirẹ̀ nìkan ni kò tíì parí. Ó ti fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ògiri náà sì ti gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń gbé lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń fi ojú ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé rí.

Ó bẹ ọ̀wẹ̀. Ogójì ọkùnrin gbà láti wá bá a kan òrùlé ní Sátidé. Ọ̀wẹ̀ kì í gba owó. Oúnjẹ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ń gbé kalẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kan, tó ń ta ní imú. Lẹ́yìn Sátidé yẹn, oníkálùkù yóò gba oko rẹ̀ lọ láti gbin àgbàdo. Bí ọjọ́ náà bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ìyá àgbà kan ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní òpin àdúgbò wọn. Ìkòkò amọ̀ ló fi ń pọn ọn, díẹ̀díẹ̀. Jórinjórin lọ síbẹ̀, ó wo àwọn ìkòkò náà títí, ara rẹ̀ kò lélẹ̀.

"Ìyá, ìkòkò mélòó ló máa tó ogójì ènìyàn? Ẹ fún mi ní ọkà, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi ṣe ohun tí yóò pọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ń jó irin, o tún fẹ́ jó ọtí? Ó dáa. Gbìyànjú rẹ̀ wò."

Ó fún un ní àgbàdo tó ti hù, tó ti sá gbẹ, tó sì ti lọ̀. Ó tún gbé ìkòkò kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó fi ewé dé e lẹ́nu. "Bí omi ọkà bá ti tutù, kọ́kọ́ bù ú sínú ìkòkò yìí, kí o rò ó pọ̀, kí o tó dà á sínú ohunkóhun mìíràn. Nínú gbogbo ìkòkò mi, irú èyí kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún mi." Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé ìyá náà, ọmọ ọdún méje pàápàá mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Jórinjórin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gé orí agbá irin kan, ó jó ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i nídìí, ó sì fi ríìmù mọ́tò ṣe ààrò sábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìṣó lu páànù ní ihò wẹ́wẹ́, ó sọ ọ́ di asẹ́. Ó ra kẹ́ẹ̀gì ńlá mẹ́rin, ó lu ihò sí wọn nídìí, ó de ẹnu ẹ̀rọ mọ́ wọn. Nígbà tí omi ń jò níbẹ̀, ó gé sílípáàsì ilé ìwẹ̀ rẹ̀ róbótó, ó fi há a, jíjò dáwọ́ dúró. Ó dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, ó sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọmọrí rẹ̀, ó ki ẹnu kejì rọ́bà náà bọ inú ìgò omi. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ọtí bá ti ń ṣiṣẹ́, inú ìgò náà yóò máa hó.

Àwọn ènìyàn dúró wò ó. "Jórinjórin, ṣé ilé iṣẹ́ ọtí lo fẹ́ dá sílẹ̀ ni?" Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Á fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì, á jáde, á wo ojú ọ̀run, á tún wọlé.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ jókòó jẹun," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Òjò ò ní jókòó dè mí."

Ní Ọjọ́rú ó kó gbogbo nǹkan náà síta, ó fi ọṣẹ àti bílíìsì fọ̀ wọ́n. Ó fọ agbá, ó fọ asẹ́, ó fọ rọ́bà. Ó wá ṣí ewé lórí ìkòkò ìyá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń rùn kíkan. Ó yí imú pa dà. "Háà, ìyá ti dàgbà. Wọn ò ríran fọ ìkòkò mọ́." Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fi ọ̀bẹ fá a, ó fi yanrìn bó o, ó da bílíìsì sí i, ó ṣan án títí ìkòkò náà fi ń dán bíi tuntun. Ó da ìdọ̀tí náà sínú gọ́tà. Lẹ́yìn náà ó se ọkà, ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kó tutù, ó bù ú sínú ìkòkò ìyá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, ó rò ó pọ̀, ó sì dà á sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ní Ọjọ́bọ̀, inú ìgò dákẹ́. Ó tún ọmọrí dé, ó pààrọ̀ rọ́bà. Ìgò dákẹ́. Ó gé sílípáàsì kejì. Ìgò dákẹ́. Ní Jímọ̀ ó sá lọ pe ìyá ọlọ́tí.

Ìyá náà fi etí lé kẹ́ẹ̀gì. Ó tọ́ ọ wò.

"Ìyá, ẹ wò ó dáadáa, kò sí ibi tó ń jò."

"Òtítọ́ ni. Kò sì sí ohun tó ń mí níbẹ̀. Omi dídùn lásán ni. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ìkòkò mi dà?"

"Mo bá yín fọ̀ ọ́, Ìyá. Ó dọ̀tí ni."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O fọ̀ ọ́." Ó gbé ìkòkò náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò. "Ọmọ mi, ohun tí o dà sí gọ́tà yẹn ló ń sọ omi ọkà di ọtí. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, ìyá tirẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí òmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Ọ̀wẹ̀ dé ní Sátidé. Wọ́n gbé igbá sẹ́nu, wọ́n wo ara wọn lójú. "Jórinjórin, ṣé ọmọ ọwọ́ lo bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ ni, tí o fi gbé omi ògì fún wa?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Wọ́n kan apá kan òrùlé. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọ̀kan gbé òòlù rẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó bínú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró. Jórinjórin nìkan ló kù lórí àkàbà, ó ń kan ìṣó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Òjò dé ní ọjọ́ Ajé. Apá tí kò ní òrùlé wó mọ́lẹ̀, ó sì fa èkejì lulẹ̀.

Bàbá alága ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó ìlú, ẹ̀yin la ṣe àkàwé yìí fún. Ẹ ti la títì, ẹ ti ri iná ojú pópó, ẹ ti kun ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Ohun èlò yín dára, kò sí ibi tó ń jò. Ó wá ku àwọn tó ń gbé ní etí odò, àwọn alábàárù, àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn tó ń kó pàǹtí ilé yín dànù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdọ̀tí ni wọ́n, pé kí katakata tó ń wó ilé wá fá wọn kúrò kí ìlú lè mọ́. Ta ló ru búlọ́ọ̀kù ilé tí ẹ ń gbé? Ta ló wà nínú gọ́tà yín nígbà tó dí lọ́dún tó kọjá, tí omi dé orókùn rẹ̀? Ìlú tí ẹ fẹ́ fọ̀ yìí, ọwọ́ wọn ló fi ń mí. Bí ẹ bá lé wọn tán, títì yóò mọ́ lóòótọ́, yóò sì dákẹ́, ẹ̀yin yóò sì máa pààrọ̀ ọmọrí kiri.

Jórinjórin kò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi, kò sì sẹ́ni tó là á yé e kó tó gbé ọ̀bẹ. Ẹ̀yin, a ti là á yé yín. Ìwé náà ṣì wà níwájú yín, ẹ kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀.