Omijé Màlúù Lójú Ládépò

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni eṣinṣin ń wá lójú yín gan-an? Ojú kì í ṣe àwo ọbẹ̀. Kò sí ẹran níbẹ̀. Ẹ nu imú yín, ẹ jókòó, kí n sọ fún yín.

Nígbà láéláé, ènìyàn kò ní omijé rárá. Bí igi bá gún un lẹ́sẹ̀, á pariwo, ó parí. Màlúù nìkan ló ní omijé, tiẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó ń ṣòfò sórí koríko. Àwọn aràn kan, funfun, tín-ín-rín bí òwú, ń gbé inú ojú rẹ̀. Màlúù kò lé wọn. Ó ní àlejò òun ni wọ́n, wọn kì í pariwo.

Ọkùnrin kan wà, Ládépò ni orúkọ rẹ̀. Kì í lè jẹun bí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò bá jókòó tì í. Bàbá Àwẹ̀ró wá kú. Àwẹ̀ró lọ bá ìyá rẹ̀ níbi òkú, ìyá náà sì ránṣẹ́ sí Ládépò pé:

"Ọkọ mi kì í ṣe òkú lásán. Mi ò fẹ́ ariwo ẹnu. Omi ni mo fẹ́ rí lójú àna mi, kó máa ṣàn bíi ti màlúù. Bí ojú rẹ bá gbẹ, ìwọ nìkan ni wàá padà sílé."

Ládépò fi ata pa ojú. Ojú pọ́n, omi kò jáde. Ó bá sáré lọ bá Màlúù.

"Màlúù, ẹ gbà mí. Ẹ fún mi lómijé díẹ̀."

"Bu èyí tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n kí o fi asẹ́ sẹ́ ẹ o. Mo ní àlejò nínú rẹ̀."

Ládépò ní kó kálọ síbi òkú. Màlúù rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fi màlúù ṣe níbi òkú. Bó ṣe di pé wọ́n bẹ Eṣinṣin níṣẹ́ nìyẹn.

Eṣinṣin fa omijé mu lójú Màlúù, ó fò dé ibi òkú, ó há asẹ́ mọ́ abẹ́ apá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sẹ́ ẹ ná."

"Sẹ́ kí ni? Ṣé o ò rí ìyá ìyàwó mi tó ń wojú mi ni? Dà á sí i!"

Eṣinṣin bá bi omijé náà sí i lójú. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Omijé ṣàn dé àyà Ládépò. Àwọn ará ilé òkú pàtẹ́wọ́.

"Àna gidi rèé!"

"Ẹ wò ó, omijé rẹ̀ ń rìn!"

"Ó ti kúrò lápá òsì, ó ń lọ sápá ọ̀tún!"

"Yéè! Omijé náà ní ìrù!"

Ládépò bẹ̀rẹ̀ sí í họ ojú. Ojú wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dín. Aràn ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ẹyinjú rẹ̀ bí ẹni tó wá wo ilé tuntun. Wọ́n gbé òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó lórí àpótí, ó fi ara rẹ̀ ṣe adájọ́.

"Ta ló ba ojú àna mi jẹ́? Màlúù ni!"

Màlúù ké láti òdìkejì odò: "Mo ní kí wọ́n sẹ́ ẹ!"

"Eṣinṣin ni, nígbà náà!"

Eṣinṣin na asẹ́ sókè. "Ọ̀gá ní kí n dà á bẹ́ẹ̀."

"Ládépò, ìwọ ni!"

"Màmá, ẹ̀rù yín ló bà mí. Ẹ ní bí ojú mi bá gbẹ, mi ò ní mú Àwẹ̀ró lọ sílé."

Nínú gbogbo wàhálà yìí, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Eṣinṣin pé omijé ti tó.

Láti ọjọ́ náà ni eṣinṣin ti ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn lọ. Á bà lójú màlúù, á bà lójú ajá, á wá bà lójú ènìyàn, á sì kó aràn wọn wá. Láti ọjọ́ náà sì ni ojú ènìyàn ti kọ́ bí a ṣe ń sun omijé tirẹ̀, kó lè fi ṣan àlejò dànù. Ẹ máa lé eṣinṣin. Ẹ máa fọ ojú yín. Bí nǹkan bá ń rìn lójú yín, ẹ má fọwọ́ ìdọ̀tí họ ọ́, ẹ wá sọ fún àgbà kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

Ẹjọ́ ńkọ́? Ìyá Àwẹ̀ró ṣì ń na ìka kiri, ó ń wá ẹni tó kù. Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má wá a mọ́. À ń lọ sílé wa. Ẹ̀yin ni."