Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Forí Kan Orí Lójú Ọ̀nà

Nígbà láéláé, èèrà kì í dúró kí èèrà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá pàdé, kálukú á kọjá lọ ni.

Láyé ìgbà náà, bí èèrà ṣe ń mọlé kì í ṣe ohun àṣírí. Wọ́n kọ ọ́ sára ewé gbódògì kan, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ló lè wá kà á, kó mọ irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ikán wá, agbọ́n wá, wọn ò lé ẹnì kankan.

Ìyá èèrà kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká ló ń tọ́jú ewé náà. Nígbà tó kan bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ tí òjò kì í bà jẹ́, ó rò ó pé Akàn tó ń gbé létí odò ti kọ ọ́ dáadáa sára ògiri tirẹ̀, kí lòun tún ń da ara òun láàmú sí? Ó fa ìlà kan, ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Ẹ lọ kà á lọ́dọ̀ Akàn."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbídùn, kì í rí nǹkan kó má bèèrè. Ó ní, "Ìyá mi, ìgbà wo lẹ dé ọ̀dọ̀ Akàn kẹ́yìn?"

"Lẹ́ẹ̀ṣí."

"Ṣé ó ṣì ń gbé ibẹ̀?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé a máa rìn ni?"

Ilé kì í rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé a máa kó. Ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ odò náà, Akàn ti lọ, ògiri rẹ̀ ti wó. Kúlúsọ, kòkòrò tó ń fi yanrìn dẹ pàkúté, ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Ewé ẹnu ọ̀nà kò mọ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, Ìbídùn gba ọ̀nà odò lọ kó lè rí ọ̀rọ̀ amọ̀ náà kà. Ìbéèrè tó bi ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ìyẹn gbádùn ìjókòó, ló bá tẹ̀ lé e. Inú kòtò ló bá ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń gun ẹ̀gbẹ́ kòtò ni yanrìn ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí Kúlúsọ sì ń da yanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀.

Àyọ̀ká bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, ọ̀dọ̀ Akàn làwọn ń wá.

Kúlúsọ ní, "Ṣé mo ránṣẹ́ pè yín ni? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n máa bọ̀ níbí, Ìyá. Oúnjẹ wá bá mi nílé, ẹ ní kí n má jẹ."

Àyọ̀ká pe orúkọ Ẹlẹ́dàá, ó fi ẹnu na igi koríko kan sísàlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ilẹ̀ mú. Ìbídùn rọ̀ mọ́ ọn títí ó fi dókè. Yanrìn ti dí i lójú, orí ló fi ń wá ìyá rẹ̀. Àyọ̀ká forí ti orí ọmọ náà, ó bi í jẹ́ẹ́ pé, "Ibi tí mo júwe yẹn, kí lo bá níbẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n délé, ó kọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ sára ewé fúnra rẹ̀. Kò pa orúkọ Akàn rẹ́, nítorí òun ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó wádìí ibi tí Akàn kó lọ, ó dé ibẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ tó débẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìlò fún ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn lọ ka ojú ewé ẹlòmíì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbọ́n nínú wọn a máa padà lọ wò bóyá onílé ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni èèrà méjì kì í pàdé lójú ọ̀nà kí wọ́n má dúró forí kan orí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Èyí tó ń lọ ló ń bi èyí tó ń bọ̀ pé, "Kí lo bá níbẹ̀?"