Àbàwọ́n Ẹ̀yìn Káàdì Kánmi

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Àbàwọ́n tó bá nǹkan dàgbà, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni." Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀? Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ojú ogun. Ẹ̀yìn káàdì agbábọ́ọ̀lù kan ló ti jáde, ní ìlú Òkè-Ìsàn.

Nígbà tí Láwọyin, atúnrédíò-ṣe, wà ní ọ̀dọ́, káàdì pẹlẹbẹ kan máa ń wà nínú ìdì ṣingọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, àwòrán ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ìlú náà yóò sì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn káàdì ni ṣingọ́ọ̀mù ń fara tì. Bí ooru bá mú, ọ̀rá rẹ̀ á wọnú káàdì, á sì fi àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ tíì síbẹ̀. Láwọyin kó mọ́kọ̀ọ̀kànlá jọ, ó sì fi agolo bisikíìtì tọ́jú wọn fún ogójì ọdún.

Nígbà tí ìlú kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n kéde pé àwọn yóò gbé káàdì mọ́kànlá tó jẹ́ ojúlówó kọ́ sára ògiri, orúkọ ẹni tó ni wọ́n yóò sì wà nísàlẹ̀. Láwọyin fẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ òun. Àmì tíì yẹn nìkan ló ń bí i nínú, nítorí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí. Ó mú òwú àti omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó rọra ń nu ẹ̀yìn káàdì yípo yípo. Ó fi wọ́n sáàárín aṣọ méjì, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lé wọn. Wọ́n mọ́ tónítóní.

Ẹ̀rín ń pa Àbẹ̀jẹ́, ìyàwó rẹ̀. "Bàbá Ìdòwú, ṣé ẹ kò ní fi sítáàṣì sí wọn ni?"

Ó ku ẹyọ kan, ti Kánmi aṣọ́lé. Àbẹ̀jẹ́ já a gbà. "Èyí kò ní wẹ̀ o! Kí n tó mọ̀ yín ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Àṣé torí tirẹ̀ lo fi ń wá sí pápá nígbà náà?"

"Ta ni ẹ rò pé mo ń wá wò? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé omi fún wọn?"

Láwọyin rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀ fún un. Àbẹ̀jẹ́ fi Kánmi há etí dígí rẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, Màmá Abíọ́nà ni wọ́n pè. Ọdún méjìdínlógún ni ìyá yìí fi di ṣingọ́ọ̀mù nílé iṣẹ́. Ẹnì kan sì ti tẹ ayédèrú káàdì kún ìlú lọ́dún tó kọjá. Òfin àyẹ̀wò náà ni pé kí ẹni tó ni káàdì ká ọwọ́ sẹ́yìn, a ó sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn káàdì kí a tó wo ojú rẹ̀. Màmá yí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Láwọyin wò, ó sì tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Láwọyin, ìwọ ni mo mọ̀. N kò mọ ìwọ̀nyí."

"Màmá, mo fọ̀ wọ́n ni!"

"Ẹni tó tẹ ayédèrú náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń to ṣingọ́ọ̀mù sórí wọn. Àpá rẹ̀ dà?"

Láwọyin kó wọn padà sínú agolo bisikíìtì rẹ̀. Wọ́n gba káàdì mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní Kánmi gidi. Ni Àbẹ̀jẹ́, tó ti yọ Kánmi kúrò létí dígí láàárọ̀, bá tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú un jáde.

Màmá yí i, ó fi ìka tọ àmì tíì náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi rèé! Ẹ wò ó, ó wọ́ sápá òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí!"

Báyìí ni Kánmi ṣe gorí ògiri, "Àbẹ̀jẹ́" sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láwọyin fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó náà.

"Àbẹ̀jẹ́, ṣé kí n nù ún díẹ̀?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ wò ó!"

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń tijú ogbó nǹkan tirẹ̀, tó ń wá bí yóò ṣe ha á tàbí kùn ún di tuntun, ìbáà jẹ́ ilé bàbá rẹ̀ tàbí àpòtí ìyá rẹ̀, àwọn àgbà á dá a dúró, wọ́n á sọ pé, "Rọra o. Àbàwọ́n tó bá nǹkan dàgbà, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni."