Ẹjọ́ Òkété àti Ọ̀yà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó ti Òkété, ìyàwó Ọ̀yà.

Ẹ̀yin ọmọ, Òkété ló fi eyín gbẹ́ ilé tí wọ́n ń gbé, títí eyín náà fi gbó dé ìdí. Ìgbà tí Ọ̀yà rí ìyàwó tuntun, ó lé Òkété jáde. Kò ní eyín tí yóò fi wá oúnjẹ mọ́, ebi ń pa á, ló bá gba ilé ẹjọ́ Ẹfọ̀n lọ, pé kí Ọ̀yà máa bọ́ òun.

Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀yà kò yọjú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní inú ń run òun, wọ́n sì sún ẹjọ́ síwájú. Òkété ń wọ́ ẹsẹ̀ padà sábẹ́ igi tó ń sùn sí, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹfọ̀n adájọ́, gbà mí o,
Tẹ́rẹ́nà!
Mo gbẹ́lé, n ò rílé gbé,
Tẹ́rẹ́nà!

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀yà dé. Ó ní, "Olúwa mi, mo ti kọ Òkété sílẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ máa bọ́ ọ fún?"

Ẹfọ̀n ní kí Òkété la ẹnu. Ó wò ó pẹ́. "Ilé ta ni eyín yìí gbẹ́?"

Ẹfọ̀n kọjú sí Ọ̀yà, ó ní:

"Ó yẹ kí n ti ní kí o máa bọ́ Òkété látọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Máa gbé iṣu sísè lọ fún un, títí eyín rẹ̀ yóò fi hù, tí yóò lè gbẹ́ ilé tirẹ̀."

Àwọn ẹranko ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ Òkété débi pé kò lè yọ̀. Nígbà tí iṣu dé, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, oorun sì gbé e lọ kó tó tán.

Ẹ rọra dìde, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ má bàa jí i.