Igbà Ọ̀jẹ́ladé

Bí Ọ̀jẹ́ladé adẹ́mu bá dé ìdí ọ̀pẹ, kì í gùn ún lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi igbà gbá ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, yóò sì fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn nílẹ̀ níbẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá igbà náà yóò gbé òun.

Lọ́jọ́ kan, Ládépò àbúrò rẹ̀, tí òun náà ń dá ẹmu, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀la lẹ máa gùn ún ni?"

Ọ̀jẹ́ladé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi."

Bó ṣe rọ̀ sẹ́yìn báyìí, igbà já, ó sì fìdí janlẹ̀ sínú koríko.

Ládépò sáré gbé e dìde. Ó wo òkè ọ̀pẹ títí, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wá bọ́ igbà tirẹ̀ léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ tèmi náà wò. Mi ò dán an wò rí."