Fátókun Kò Dúró Gbọ́ Ìyókù

Amọ̀ tán ní Ìdí-Àràbà. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o! Abúlé amọ̀kòkò ni. Ìkòkò ni wọ́n ń tà jẹun, òun ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ láti ayé àwọn ìyá wọn ti di kìkì òkúta. Àyọ̀ká, olórí àwọn amọ̀kòkò, sọ ọ́ láìfi bò: "Bí a kò bá rí amọ̀ mìíràn kí òjò tó dé, kí kálukú yáa di ẹrù rẹ̀. Abúlé tú nìyẹn."

Amọ̀ gidi wà létí ọ̀sà, dúdú mìnìjọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn Ègùn ni. Bàbá Hùnsù ni baálé wọn. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, àwọn ará Ìdí-Àràbà náà kò gbọ́ Ègùn. Ta ni yóò bá wọn sọ ọ́?

"Èmi dà?" Fátókun ti fò dìde.

Ọdún mẹ́fà ni Fátókun ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Ègùn. Ká má parọ́, èdè náà yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń kí wọn, ó ń bá wọn nájà, ó ń dápàárá tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ègùn ọjà ni. Lọ́jà, bí ẹlẹ́ja bá ti ní òun kò tà, ńṣe lo máa kẹ́yìn sí i kó lè pè ọ́ padà. Fátókun kò jókòó ti àgbà Ègùn kan rí kó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin.

Ìyá Lánkẹ́ tún wà níbẹ̀. Láti wúndíá ni màmá yìí ti ń ta ẹ̀kọ láàárín àwọn Ègùn, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ tí kò yé e. Àmọ́ bó bá ní kí òun sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ á lọ́. Àyọ̀ká ní kó bá wọn lọ. Ni Fátókun bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ kò lè kí wọn káàárọ̀ tán! Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ?"

"N kò fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ lọ gbọ́ ni. Àbí ẹnu ni ìwọ fi ń gbọ́ràn, Fátókun?"

Wọ́n gbéra, àwọn ọ̀dọ́ abúlé gbé ọ̀pá ìwalẹ̀ tẹ̀lé wọn. Bàbá Hùnsù gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi tútù fún wọn. Fátókun fi Ègùn dáradára bẹ̀bẹ̀ fún amọ̀, inú Àyọ̀ká sì dùn. Bàbá náà wá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì, Fátókun sì ń túmọ̀ rẹ̀ wéréwéré.

"Ó ní kòtò amọ̀ etí ọ̀sà yẹn ti gbé ọmọ wọn kan mì. Ó ní àlejò tó kọ́kọ́ wa ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ó ní bàbá òun kò fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú." Ojú Fátókun pọ́n. "Ó tán! Wọn kò fún wa! Wọ́n tún ń ṣépè fún wa, pé ẹsẹ̀ wa á dá!"

"Fátókun, dúró!" Ìyá Lánkẹ́ kígbe láti ẹ̀yìn. "Bàbá kò tíì jókòó! Àgbà Ègùn kì í parí ọ̀rọ̀ lórí ìdúró!"

Ta ló gbọ́? Fátókun ti da omi àlejò nù sílẹ̀ gbàà! Àwọn ọ̀dọ́ Ègùn yarí. Àjẹ̀ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá ìwalẹ̀ gbà á, ìyà ń jẹ tọ̀tún tòsì! Gèlè Àyọ̀ká balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ìyá Lánkẹ́ kò bá wọn pariwo. Ó la àárín ìjà kọjá, ó mú igbá tó ṣubú, ó bu omi mìíràn sínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Hùnsù, ó sì mu ún tán níṣojú rẹ̀. Kò sọ ẹyọ Ègùn kan. Ọwọ́ gbogbo wọn rọ̀. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Lánkẹ́ ló ń túmọ̀ báyìí.

"Ó ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ náà ti ṣe nìyẹn. Ó ní ní ìdílé àwọn, àwọn kì í fúnni nílẹ̀ láìkọ́kọ́ ka aburú rẹ̀, kí ẹni tó gbà á má baà sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún òun. Ó ní bàbá òun kò fúnni, ṣùgbọ́n òun kò ní í jẹ́ kí ebi pa aládùúgbò òun. Ó ní ká wá wa amọ̀, àwa àti àwọn ọmọ wa."

Àyọ̀ká fò sókè, ó dì mọ́ Ìyá Lánkẹ́. Fátókun ní tirẹ̀ fi ọwọ́ di ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń jò láàárín ìka rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ó ti parí báyìí?"

"Ó kù díẹ̀. Ó ní kí o wá ṣa eyín rẹ."

Bàbá Hùnsù wá jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń wí fún ẹni tó bá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó sì fò dìde, pé: Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní ń dá sílẹ̀.